Ojú Kọ́kọ́ Rí, Kí Ọwọ́ Tó Tẹ̀

Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta

Dókítà ti sọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. N kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan mọ́tò títí di ìparí oṣù karùn-ún. Ìgbà náà ni màá lọ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà wọn nílé ìwòsàn, tí wọn yóò wọn bí ojú mi ṣe ń yá bá ọwọ́ mi sọ̀rọ̀ sí. Bí mo bá yege, wọn á dá láísẹ́ǹsì mi padà. Bí mi ò bá yege, ó parí nìyẹn.

"Rọpárọsẹ̀ kékeré ni," ó ní. Ó yẹ kí ó wá bi ọwọ́ ọ̀tún mi bóyá ó kéré. Ṣùgbọ́n kí n má ṣe aláìmoore: ẹnu mi tó wọ́ ti tọ́, mo ń rìn láì di nǹkan mú, mo sì ń kọ ìwé yìí fúnra mi, bí ó tilẹ̀ jọ pé adìyẹ ló kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí a jọ dùbúlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù kò rí ìdajì èyí gbà. Mo dúpẹ́.

Ohun tó ń dun ni ní ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, nítorí náà màá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi. Ojú Oiva ọkọ mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán. Bí ẹni ń yọjú láti inú ihò kọ́kọ́rọ́ ló ṣe ń ríran. Bọ́ọ̀sì kan kì í dé Kuikkaniemi, abúlé wa yìí. Bí èmi náà kò bá lè wakọ̀, a ó ta ilé yìí, a ó lọ máa gbé ìlú Kuopio, níbi tí a kò ti mọ igi kan lórúkọ.

Ọjọ́ karùn-ún

Marjukka ọmọ wa tẹ̀ wá láago. Ó ti rí ilé kan ní Kuopio, yàrá méjì, àjà kẹrin.

"Màámi, kì í ṣe pé mò ń lé yín kúrò nílé yín o."

"Ta ló ní ò ń lé wa?"

"Ilé yẹn mọ́. Ó ní lífítì. Ọsibítù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ níbẹ̀."

"Adágún iwájú ilé wa ńkọ́? Ṣé adágún wà nínú lífítì?"

Ó dákẹ́. Mo mọ ìdákẹ́ yẹn, ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti jogún rẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Ó dáa. Tí ẹ bá ní ẹ máa jà, ẹ jẹ́ ká kọ́ ìjà náà. Ìdánrawò kan wà tí wọ́n ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Mo máa fi sórí tiyín nígbà tí mo bá wá lọ́jọ́ Sátidé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ilé Kuopio ń retí èsì wa kí oṣù kẹfà tó wọlé o."

Ọmọ tó fẹ́ kó mi kúrò nílé náà ló tún ń fún mi ní ohun ìjà. Kí Ọlọ́run bá mi dá a sí.

Ọjọ́ kẹjọ

Ìdánrawò náà kò le. Ojú kọ̀ǹpútà á pọ́n, wàá jókòó, wàá máa wò ó. Bí ó bá ti yí padà sí àwọ̀ ewé, wàá tẹ bọ́tìnnì gígùn ìsàlẹ̀. Ó pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ẹgbẹ̀rún, ó sì ń sọ iye rẹ̀ tí o jẹ kí o tó tẹ̀ ẹ́. Tèmi àkọ́kọ́ jẹ́ 612. Èkejì, 655. Ìkẹta, 840, nítorí pé Oiva sín.

"Yẹra fún mi níbí," mo sọ fún un.

"Tí mo bá sín nínú mọ́tò ńkọ́?"

Mo tún fọwọ́ lé bọ́tìnnì. Òótọ́ ọ̀rọ̀ bí ìsọkọ̀ ni.

Ọjọ́ kejìlá

Armas gbé wa lọ sọ́jà. Òun ni aládùúgbò wa tó sún mọ́ wa jù, ìyẹn ni pé tí ó bá dáná, a máa ń rí èéfín rẹ̀. Láti ìgbà tí ara mi kò ti yá ló ti ń dé lọ́jọ́bọ̀ lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú mọ́tò rẹ̀ tí ó ń rùn fún ẹja.

"Armas, a dúpẹ́ o."

"Ọpẹ́ kí ni? Mo ń lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni."

Irọ́ ni. Kò ra ju ìṣáná lọ. Bí a bá tún dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, inú á bí i, kò sì ní wá mọ́. Nítorí náà, mo yọ búrẹ́dì dúdú kan nínú èyí tí mo yan, Oiva gbé e kọ́ ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, a sì sá lọ bí olè. Báyìí ni a ń ṣe é níbí, ó sì tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn.

Páálí kọfí kan ti di yúrò mẹ́sàn-án. Oiva ní ká gbé páálí náà sórí tábìlì, ká máa wò ó, ká máa mu omi gbígbóná.

Ọjọ́ kọkàndínlógún

540. Yìnyín tún bọ́ lóru, ó bo ọ̀nà.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo ti ń mọ ara mi. Kí n tó mu kọfí, n kò wúlò fún nǹkan kan. Lẹ́yìn kọfí, mo dára. Lẹ́yìn sáúnà, ilé ìwẹ̀ olóoru wa, ara mi á rọ̀ bí ẹ̀kọ, iná á tàn, mà á máa wò ó tìfẹ́tìfẹ́. Èyí tó dára jù lónìí jẹ́ 455. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà. Èyí tó dára jù nìkan ni mò ń kọ síbẹ̀. Èwo ni kí n tún máa kọ èyí tó burú sí?

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìka mi. Mo sọ ọ́ sókè, Oiva sì bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

310! Mo dìde, mo jó yí tábìlì ká. Oiva sáré wọlé láti ibi igi ìdáná.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló ṣubú?"

"Kò sẹ́ni tó ṣubú. Ìyàwó ẹ ti di ọmọge."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ó ní, ó sì padà sídìí igi rẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án

240. Mo tẹ Marjukka láago. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń fi eré kọ̀ǹpútà jẹun ló ń rí irú iye yẹn. Mo ní kí ó sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bọ̀. Mo ti wa mọ́tò pín lẹ́tà ní agbègbè yìí kí wọ́n tó bí ìyá wọn, nínú òjò, nínú yìnyín, n kò sì forí sọ igi rí. Mo ń yangàn nígbà tí mo gbé tẹlifóònù sílẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó ṣe ìdánwò ìgbaradì nílé ìwòsàn kí ti gidi tó dé. Ọkàn mi balẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ìtìjú.

Sanna-Mari ni orúkọ obìnrin tó ń darí ìdánwò náà nílé ìwòsàn. Onírẹ̀lẹ̀ ni, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó bá mi gbé ìjókòó sún. Mo fọwọ́ lé bọ́tìnnì bí ẹni tó wá gba ẹ̀bùn. Kọ̀ǹpútà wọn hó mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, "pìì". Ó tún hó. Ó tún hó. Mo rò pé ó bàjẹ́ ni.

"Ìyá, ẹ dúró ná," Sanna-Mari ní. "Iná yẹn ò tíì tàn."

"Mo rí i tó tàn."

"Lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́ ló tàn."

Mo tún un ṣe. Pìì. Ojú mi gbóná. Ó fa àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó bi mí bí mo ṣe ń ṣe é nílé. Mo sọ fún un nípa kọfí, nípa kàlẹ́ńdà, nípa 240. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbá sàn kí ó fi mí ṣe é.

"Ẹ̀yin ò ríran yára o, Ìyá. Ẹ ti mọ ìgbà tí kọ̀ǹpútà ilé yín máa ń yí àwọ̀ padà ni, bí ẹni tó mọ orin ṣọ́ọ̀ṣì sórí. Ẹ ń méfò. Gbogbo àwọn tó ń dá ṣe é nílé ló ń bọ́ sínú kòtò yẹn. Ṣùgbọ́n títì kì í kọ orin fún èèyàn. Ẹni tó bá ń tẹ bíréékì nígbà tí kò sí nǹkan níwájú ẹ̀, ẹni ẹ̀yìn á wá gbá a."

"Èyí tó dára jù nínú tèmi ńkọ́? 240 ńkọ́?"

"Èmi kì í wo èyí tó dára jù. Èyí tó pẹ́ jù ni mò ń wò. Ọmọ tó bá sá wọ títì kì í yan ìgbà tí ara yín yá. Ó lè jẹ́ ìgbà tí ẹ pẹ́ jù lọ lọ́jọ́ náà ló máa pàdé."

Mo gbé báàgì mi. Mo jókòó sẹ́yìn mọ́tò Armas padà sílé, kò sì bi mí ní nǹkan kan, kí Ọlọ́run bù kún un.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún

Mi ò dé ibi tí kọ̀ǹpútà wà. Òjò oníyìnyín. Mo sọ fún Oiva pé kí ó máa ronú nípa ilé Kuopio.

Ọjọ́ ogún

Mo fẹ́ kọ èyí dáadáa.

A ń jẹun ọ̀sán. Mo ti ń ráhùn láti òwúrọ̀ pé kò sí ọgbọ́n tí mo lè dá, nítorí gbogbo ohun tí mo bá ti ṣe lẹ́ẹ̀mẹwàá ni ara mi ń kọ́ sórí, mà á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í méfò. Oiva ń jẹ ẹja rẹ̀, ó ń yọ eegun rẹ̀ pẹ̀lú ìka. Mo ti ráhùn tán, mo ti kó abọ́, mo ti ń fọ̀ ọ́, kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Mo lè pẹ́."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mo lè pẹ́. Kọ̀ǹpútà yẹn ò lè pẹ́ tó mi."

Mo yíjú sí i. Ó ti dìde, ó ń fọwọ́ wá inú àpótí títí ó fi rí rúlà onígi tí Marjukka lò nílé ìwé. Ó ní kí n jókòó. Ó di orí rúlà mú, ó jẹ́ kí ó rọ̀ sísàlẹ̀, ó ní kí n ṣí àtàǹpàkò àti ìka mi sílẹ̀ yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká, kí n má fọwọ́ kàn án. "Tí mo bá jù ú sílẹ̀, gbá a mú."

Mo ní eré ọmọdé ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo dúró. Mo dúró. Mo ronú pé ó yẹ kí ó ti jù ú sílẹ̀, mo gbá afẹ́fẹ́ mú. Ó gbọ́ bí ìka mi ṣe kan ara wọn. "O méfò," ó ní. A tún ṣe é. Mo dúró títí imú mi fi ń yún mi. Rúlà já bọ́, ó balẹ̀ kí n tó mira. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbé rúlà sílẹ̀ pátápátá, ó lọ fi igi sínú sítóòfù, ó padà wá, ó sì tún dì í mú bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ sí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, n kò lè dá a dúró. Ta ni mo fẹ́ méfò lé lórí? Ọkùnrin tó bá mi jó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sìn mí délé, tí kò sì sọ nǹkan kan ní gbogbo ìgbà òtútù, títí adágún fi yọ́, tí a wà nínú ọkọ̀ ojú omi, tó wá ní, "Ṣé ká ṣe é?" Ìgbéyàwó ló ń sọ. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú omi. Láti ìgbà náà wá n kò mọ ìgbà tí yóò la ẹnu. Ó ti máa ń bí mi nínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti di ẹrù mi nítorí rẹ̀. Àfi ìgbà tó wá di pé ìdákẹ́ náà ni oògùn tí mò ń wá kiri.

Ọjọ́ kẹrìnlélógún

A ń ṣe é ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí mo kọ́: bí mo bá ń retí, mo ń pẹ́ tàbí mo ń yá jù. Bí mo bá kàn ń wò, ọwọ́ mi á ṣe é fúnra rẹ̀. Ó rọrùn láti kọ sílẹ̀. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun a fagbára mú ní í nini lára. Mo ti ń pa òwe yìí fún àwọn ẹlòmíràn láti ọjọ́ pípẹ́.

Oiva ti ń gbádùn rẹ̀ jù. Ó ń gbọn rúlà díẹ̀ láti tàn mí jẹ. Mo pè é ní ẹlẹ́tàn, ó ní àgbọ̀nrín kì í fọn fèrè kó tó bọ́ sí títì.

Ọjọ́ kìíní, oṣù karùn-ún

Vappu. Àjọ̀dún ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ni. Marjukka wá, ó gbé munkki, àkàrà dídín olóṣúgà, àti ohun mímu dídùn dání. Armas náà wá, ó fọ ojú, ó wọ táì. Oiva ní kí ó dán rúlà wò. Armas rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun tí òun ń fọwọ́ mú ẹja. Rúlà já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, kò rí i mú. Ó ní ṣúgà ara munkki ló wà lọ́wọ́ òun.

Marjukka jókòó, ó ń wo èmi àti bàbá rẹ̀ tí a kọjú síra, tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, tí rúlà wà láàárín wa. Mo gbá a mú. Mo tún gbá a mú. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti yíjú sí fèrèsé.

"Kí ló dé?" mo bi í.

"Kò sí. Ẹ̀yin méjèèjì ni. Bí ẹ ṣe jókòó yẹn, mi ò tíì rí yín bẹ́ẹ̀ rí."

Ní ẹnu ọ̀nà ó rán mi létí pé ẹni tó ni ilé Kuopio ti tún béèrè. Mo ní ìparí oṣù ni. Ó dì mọ́ mi pẹ́.

Ọjọ́ kẹwàá

Yìnyín orí adágún ti lọ. A gbọ́ bó ṣe ń sán, tó ń fọ́. Àwọn ẹyẹ ti dé.

Mo padà sórí kọ̀ǹpútà. Oiva ni mo ní kí ó máa tẹ bọ́tìnnì tó ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láì sọ fún mi, nígbà tó bá wù ú, kí n má baà tún kọ́ orin rẹ̀ sórí. 405, 390, 412, 398. Èyí tó pẹ́ jù jẹ́ 431. Kò sí èyí tí mo tẹ̀ kí ó tó tàn. Lójú ẹni tí kò mọ̀, mo ti burú sí i. Mo ti pa 240 rẹ́ lára kàlẹ́ńdà. Mo dúpẹ́ fún 431 ju bí mo ṣe dúpẹ́ fún un lọ, nítorí èmi ni mo ni ín.

Ọjọ́ kọkànlélógún

N kò sùn dáadáa. Kì í ṣe ìdánwò ni mo ń bẹ̀rù. Mo ń bẹ̀rù ojú Oiva nínú ilé tí kò mọ. Níhìn-ín ó mọ iye ìgbésẹ̀ dé sáúnà, ó mọ ibi tí gbòǹgbò ti yọrí, ó ń rìn bí ẹni tó ríran. Bí a bá gbé e lọ sí àjà kẹrin, yóò di afọ́jú lọ́jọ́ kan náà. N kò tíì sọ èyí fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Sanna-Mari yí ìdánwò padà. Kì í ṣe iná kan ṣoṣo mọ́. Bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ewé ni kí n tẹ̀, ti aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ni kí n fi sílẹ̀, wọ́n sì ń jáde ní ibi tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Nígbà míràn nǹkan kan kì í jáde rárá, ó pẹ́ títí. Ẹni tó jókòó ní yàrá kejì ń mí kanlẹ̀. Èmi ò mí kanlẹ̀. Mo kàn ń wò. Lẹ́yìn ọkọ mi, ta ló tún lè fi ìdúró dẹ́rù bà mí?

Kọ̀ǹpútà náà kò hó mọ́ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Sanna-Mari ka ìwé rẹ̀ títí, ó pe dókítà wọlé, àwọn méjèèjì jọ ka ìwé náà.

"Ìyá, ta ló kọ́ yín?"

"Ọkọ mi."

"Ṣé olùkọ́ ni?"

"Afọ́jú ni, kì í sì í sọ̀rọ̀."

Wọ́n rò pé àwàdà ni. Dókítà ní n kò yá bí ọmọdé, ṣùgbọ́n èyí tó pẹ́ jù nínú tèmi kò jìnnà sí èyí tó yá jù, ìyẹn ló sì ń wá. Ó dá láísẹ́ǹsì padà fún mi fún ọdún kan. Ó fi àdéhùn kan sí i: ojú mọmọ nìkan ni kí n máa wakọ̀, n kò gbọdọ̀ wà á nínú òkùnkùn.

Mo sunkún níwájú wọn. Mi ò tijú.

Oiva ń dúró lórí bẹ́ǹṣì níta pẹ̀lú Armas. Mo sọ fún un. Ó gbọ́, ó gbé e lé ọkàn, mo sì ti mọ̀ pé kí n jókòó tì í.

"Ojú mọmọ nìkan?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nígbà tí oṣù kẹfà ti ń bọ̀ yìí?" Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ̀rín ni. "Oòrùn ò ní sùn, ìwọ náà ò ní sùn. Wọ́n ti fún ẹ ní gbogbo ẹ̀ nìyẹn, Hilkka!"

Òótọ́ ni, níbí ilẹ̀ kì í ṣú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n nígbà òtútù ojúmọ́ kì í ju fírífírí lọ. A ó máa tètè jáde, a ó máa tètè wọlé. Ẹni tí wọ́n fún ní ìdajì búrẹ́dì kò gbọdọ̀ máa ka èyí tó kù.

Armas ní òun ò mọ ohun tí òun á máa fi ọjọ́bọ̀ ṣe mọ́. Mo ní a ó máa gbé e lọ sọ́jà. Ó ní òun kì í jókòó sẹ́yìn mọ́tò obìnrin. Mo ní ìṣáná rẹ̀ ti tán. Ó ní ó dáa, nígbà tó jẹ́ pé mo ń lọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ ọgbọ̀n

Mo tẹ Marjukka láago pé kí ó dá onílé Kuopio lóhùn: rárá. Ó ní òun ti dá a lóhùn láti ọjọ́ Vappu. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní tí òun bá sọ ọ́, mi ò ní fi gbogbo ara ṣe é mọ́. Ọmọ burúkú. Ọmọ mi àtàtà.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹfà

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ Oiva ní ká jáde.

"Ká lọ síbo?"

"Síbi tí mọ́tò bá gbé wa dé."

Oòrùn ṣì wà lórí igi, ó mọ́lẹ̀ kedere. Mo ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún un kí ó lè gbọ́ òórùn ewé tuntun. N kò sáré. Mò ń sọ ohun tí mo ń rí fún un: ẹran ọ̀sìn, ilé tí wọ́n tún kùn, ọkọ̀ ojú omi Armas létí adágún. Níbi tí ọ̀nà ti kọ́ wọ inú igbó, àgbọ̀nrín ńlá kan jáde láti apá òsì, ó bọ́ sí àárín títì. Ẹsẹ̀ mi ti wà lórí bíréékì kí ọkàn mi tó pe orúkọ ẹranko náà. Mọ́tò dúró. Àyè ṣì pọ̀ láàárín wa.

"Kí ni?" Oiva bi mí.

"Àgbọ̀nrín. Ọmọ ẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, ó ń bọ̀."

"Ṣé ó jìnnà sí wa?"

"Ó jìnnà dáadáa."

Ó na ọwọ́ rẹ̀, ó wá ọwọ́ ọ̀tún mi rí lórí ìdarí mọ́tò, ó fi tirẹ̀ bò ó. "O ṣeun," ó ní, kíákíá, láì dúró rárá.

Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo jẹ́ kí ìyá àti ọmọ kọjá. Lẹ́yìn náà mo yí mọ́tò padà, mo sì gbé ọkọ mi lọ sílé wa.